Ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì: Ṣé àwọ̀ ara ló fa ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Àfi bí ẹni pé òwe yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n gbà pé ara ìran Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ wọn jà ti wá. Ohun tí wọ́n ń rí ló mú wọn rò bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ìdajì àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ewu kí rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ tọpa ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà, ohun mìíràn ni wọ́n bá níbẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń di rọpárọsẹ̀

Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni àwọn dókítà ń wọ̀n. Bí òǹkà òkè bá dé 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 90, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka onítọ̀hún sí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọdún 2017 ni àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ti fa ààlà náà wálẹ̀ sí 130/80. Àìsàn yìí kì í pariwo; ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dun ẹni tó ń ṣe. Bó bá pẹ́, iṣan inú ọpọlọ lè dí tàbí kó bẹ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́ nínú ọpọlọ yóò kú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ẹnu yóò sì kọṣẹ́.

Ìran kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní ọdún 1997, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Richard Cooper, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Ọ̀ṣọ́tìmẹ́hìn ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 2008, wà lára wọn. Wọ́n yẹ àwọn èèyàn tó lé ní 10,000 wò ní Nàìjíríà, Cameroon, Jamaica, St. Lucia, Barbados àti nítòsí ìlú Chicago. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni orírun gbogbo wọn. Ní Áfíríkà, èèyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ilé ni iye náà ń gòkè.

Ní ọdún 2005, Cooper àti àwọn mìíràn fi àwọn aláwọ̀ funfun wé wọn. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, iye náà bẹ̀rẹ̀ láti 27 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dé 55 ní Jámánì. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ láti 14 ní Nàìjíríà, ó sì dé 44 ní Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ara ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ará Jámánì kì bá tí ní in ju ọmọ Nàìjíríà lọ.

Ohun tó yí èèyàn ká ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: oúnjẹ oníyọ̀, ara sísanjù, àdúgbò tálákà, ìnáwó ìtọ́jú tí apá kò ká, àti ìnira tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń kó bá ọkàn. Ìwádìí ńlá kan tí Yunifásítì Alabama ní Birmingham bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, síbẹ̀ tiwọn kì í wálẹ̀ tó. Ní ọdún 2013, wọ́n fi kún un pé bí òǹkà òkè bá fi 10 gòkè, ewu rọpárọsẹ̀ ń fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n ìdá 24 ni fún aláwọ̀ dúdú.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló léwu jù

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹyọ kan nínú rọpárọsẹ̀ mẹ́rin ló jẹ́ pé ẹni tó ti ní in rí ló tún kọ lù. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó máa ń padà bá ju aláwọ̀ funfun lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ìran Mexico ní ìlú Corpus Christi, ní Texas. Síbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001, tí 6,105 èèyàn tí àìsàn náà ti ṣe rí kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé oògùn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ dín rọpárọsẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì kù pẹ̀lú ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ìlú Los Angeles, ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀ ni wọ́n gbé ìtọ́jú lọ. Apoògùn ń bá àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú níbi tí wọ́n ti ń gẹrun, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ń fún wọn lóògùn. Láàárín oṣù mẹ́fà, òǹkà òkè wọn fi 27 wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àbájáde ọdún 2018 ṣe sọ. Àwọ̀ wọn kò yí padà. Ìtọ́jú ló sún mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ilé náà

Kí ará ilé má ṣe rò pé òun ti bọ́. Ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021 sọ pé nígbà tó fi di 2020, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà ló ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana fi hàn ní ọdún 2018 pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, àìjẹ ewébẹ̀ déédéé sì wà lára àwọn yòókù.

Nítorí náà, ó yẹ kí àgbàlagbà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa jẹ ẹ̀fọ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.