Ìrìn, eré àti bíréèkì nínú ẹ̀kọ́ físíìsì

Kí a tó lè sọ pé ohun kan ń rìn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ibi tí a ó ti máa wò ó. Èrò inú bọ́ọ̀sì kò kúrò lójú kan lójú ẹni tí wọ́n jọ jókòó, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó dúró sí etí títì, ó ń sáré kọjá lọ ni.

Ọ̀nà tí a rìn sì yàtọ̀ sí bí a ṣe jìnnà tó sí ibi tí a ti gbéra. Ìyá tí ó rin kìlómítà 3 lọ sí ọjà, tí ó sì gba ọ̀nà kan náà padà sílé, ti rin kìlómítà 6. Síbẹ̀, ibi tí ó ti gbéra náà ni ó tún wà.

Eré ni iye ọ̀nà tí ohun kan rìn láàárín àkókò kan. Bí ọkọ̀ bá rin kìlómítà 120 láàárín wákàtí 2, ìdọ́gba eré rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ìbáà tilẹ̀ ti há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lójú ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ a sì máa wo ìhà tí ó kọrí sí pẹ̀lú: ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìbàdàn àti èyí tí ń bọ̀ wá sí Èkó lè sá eré kan náà, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Eré a máa pọ̀ sí i, a sì máa dínkù. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1638, Galileo Galilei, onímọ̀ ará Ítálì, ṣàlàyé pé bí bọ́ọ̀lù bá ń yí lórí pákó tí ó dagẹ̀rẹ̀, tí àkókò rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ó rìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ọkọ̀ tí a tẹ bíréèkì rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, àkókò tí ọkọ̀ yóò fi dúró di ìlọ́po méjì, ìdọ́gba eré rẹ̀ láàárín àkókò náà sì di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Nítorí náà ni ọ̀nà ṣe di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí títì gbígbẹ, ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan nílò nǹkan bíi mítà 14 lẹ́yìn tí bíréèkì bá mú. Èyí tí ń sá 100 nílò nǹkan bíi mítà 55. Bí awakọ̀ bá sì lo ìṣẹ́jú àáyá kan péré kí ó tó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò ti rin mítà 14 ná, èkejì yóò ti rin 28.

Awakọ̀ tí ó sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì lè rò pé ewu méjì ni òun fà. Ìṣirò fi hàn pé ọ̀nà tí bíréèkì rẹ̀ ń fẹ́ ti di mẹ́rin.