Wáyà Tí Wọ́n Fi Pamọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò, n kò sì sọnù lọ́nà rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo dúró lójúde ilé ìyá tó bí mi lọ́mọ ní Ìgbẹsà bí àlejò. N kò mọ ibi tí màá yà sí, n kò sì mọ nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo lórí.

Màmá ti pé ẹni ọdún 86. Aládùúgbò wọn ló pè mí ní Sàngó Ọ̀tà láàárọ̀ ọjọ́ náà pé òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn sì ń wá mọ́tò tí yóò gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ó ní bí àwọn bá ti mọ ibi tí àwọn gbé wọn lọ, òun yóò pè mí padà. Kíá ni mo kó sínú mọ́tò tókúnbọ̀ tí ọmọ mi rà fún mi, mo gbé fóònù lé orí àwo dúdú pẹlẹbẹ tó wà láàárín àga iwájú méjèèjì. Ẹni tó ta mọ́tò náà ti fi àwo yìí yangàn fún wa dáadáa. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò nílò wáyà mọ́. Ẹ ṣáà gbé e lé e, á máa ṣáàjì fúnra rẹ̀."

A dé Lúsadà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé. Tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, oòrùn ń wọlé tààrà láti ojú gíláàsì. Lọ́jọ́ náà, kòtò tó wà lójú ọ̀nà kò lóǹkà. Bí mọ́tò bá ti kó sí ọ̀kan, fóònù á ta kúrò láyè rẹ̀ lórí àwo, màá tún fọwọ́ tì í padà. Máàpù tí mo fi ń wo ojú ọ̀nà wà ní títàn. Kò pẹ́, ojú fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara òun gbóná, kí n jẹ́ kí òun tutù ná. Mo fọwọ́ kàn án, àfi bí ìdí ìkòkò! Kí n tó wí, kí n tó fọ̀, ó ti kú pátápátá.

Báyìí ni mo ṣe dé Ìgbẹsà tí mo bá ilẹ̀kùn ní títì, tí aládùúgbò náà kò sì sí nílé.

Rẹ́wáyà kan wà ní òdìkejì títì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Mo sáré gbé fóònù lọ bá a. Ó yí i padà, ó bọ́ àpò rọ́bà kúrò lára rẹ̀, ó sì tọ́ka sí òrùka irin tí ọmọ-ọmọ mi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin yìí ń mu iná. Ṣé orí àwo inú mọ́tò lẹ gbé e sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo béèrè bóyá kí a gbé e sínú fìríìjì aláta òde tó wà nítòsí. Ó ní, "Áà, rárá o! Omi á sẹ̀ sí i nínú. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀." Ó gbé e sábẹ́ òjìji níwájú fáànù, ó ní kí n jókòó.

Bí a ti ń dúró de fóònù yìí kó tutù, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwo náà ti ṣẹ̀ wá fún yín. Ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni mo tó wádìí rẹ̀, inú sì bí mi nígbà tí mo mọ bí ó ti pẹ́ tó tí ayé ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Michael Faraday. Bí a bá fi ti wa wò ó, ọmọ Ògún ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹjọ 1831, ó ká wáyà bàbà méjì mọ́ òrùka irin kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, wọn kò sì kan ara wọn rárá. Bí ó ti so bátìrì mọ́ ti àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ti èkejì mira. Bí ó tún ti já a, abẹ́rẹ́ mira. Iná kò gba ojú wáyà kọjá. Agbára òòfà ló gbé e sọdá. Gbogbo ọgbọ́n inú àwo dúdú mi kò ju èyí lọ. Wáyà bàbà tí a ká róbótó bí òṣùká wà nínú àwo, òṣùká mìíràn wà lẹ́yìn fóònù, òòfà sì ń bẹ láàárín wọn. Ẹni tó bá ní kò sí wáyà níbẹ̀ ń pa irọ́ fún yín ni. Wọ́n kàn fi wáyà náà pamọ́ ni.

Ní nǹkan bí 1840, James Joule, ọmọ apọntí kan nítòsí Manchester, rí i pé ibi tí iná bá ti ń gba inú wáyà kọjá, ooru kò lè ṣàìsí níbẹ̀. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 1855, Léon Foucault, ará Faransé, fi hàn pé bí irin bá ń yí níwájú òòfà, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú irin náà fúnra rẹ̀, á sì gbóná. Ohun kan náà ló ṣe òrùka irin ẹ̀yìn fóònù mi, nítorí òòfà inú àwo kì í dúró lójú kan. Rẹ́wáyà Ìgbẹsà kò gbọ́ orúkọ Foucault rí, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣírò 1855 yìí wò: ó ku ọdún 6 kí Òyìnbó tó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Gbogbo ohun tó pa fóònù mi ní Lúsadà ni wọ́n ti mọ̀ nígbà náà.

Nikola Tesla tiẹ̀ fẹ́ kí iná máa rìn láìsí wáyà káàkiri ayé. Ó tan àtùpà lójú àwọn èèyàn ní New York ní 1891 láìso wáyà mọ́ ọn. Ní 1901 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan ní Long Island, J. P. Morgan olówó fún un lówó, ṣùgbọ́n nígbà tó tún béèrè, Morgan kọ̀. Wọ́n wó ilé ìṣọ́ náà ní 1917. Bí iná bẹ́ẹ̀ bá ti rìn jìnnà, ńṣe ló ń fọ́n ká. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lé àwo gbàgà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001, iná ni ìṣòro wa. Àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́, wọ́n ń gba owó láti ṣáàjì fóònù. Àwa onímọ́tò rí ọ̀nà àbáyọ nínú ihò tí wọ́n ń fi tan sìgá. Ẹ ó rántí rẹ̀: wáyà kíká kékeré kan wà lẹ́nu ohun tí à ń tì bọ inú ihò náà, tí yóò pọ́n bí ẹyinná. Ooru gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é! A yọ ọ́ sọ nù, a ki ẹnu ṣájà bọ̀ ọ́. Lálẹ́, aládùúgbò á kan ilẹ̀kùn mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́tò yín ṣì lè gba fóònù kan sí i?" Ihò ooru ń ṣáàjì fóònù, fóònù kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2008 ni àwọn ilé iṣẹ́ kan kó ara wọn jọ láti fi ẹnu kò sórí ìlànà kan ṣoṣo. Wọ́n sọ ìlànà náà ní Qi, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó tan mọ́ èémí àti agbára. Nokia fi sínú fóònù Lumia 920 ní 2012. Toyota fi àwo rẹ̀ sínú Avalon ti 2013. Nígbà tí Apple náà fi sínú iPhone ní 2017, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ mọ́tò sáré tẹ̀ lé wọn. Mọ́tò wọ̀nyẹn gbó níbẹ̀, wọ́n sì di tókúnbọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Òṣùká méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn gan-an. Bí kòtò bá ti gbọn fóònù yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àwo á máa fi agbára ti iná, díẹ̀ ni fóònù á rí gbà, ìyókù á di ooru. Rọ́bà tó nípọn tún ń jìn wọ́n síra, kì í sì í jẹ́ kí ooru jáde. Ẹ fi máàpù kún un, ẹ fi oòrùn kún un. Apple fúnra wọn ní kí a máa lo iPhone níbi tí ooru afẹ́fẹ́ kò bá ti ju 35 lórí ìwọ̀n Celsius lọ. Ta ló ń rí 35 nínú mọ́tò tó dúró lójú oòrùn ní Lúsadà? Irú bátìrì lithium tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991 ló wà nínú fóònù, ooru sì ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Nítorí náà ni fóònù ṣe ń pa ara rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. N kò bá a wíjọ́. Ọ̀gá tó fi àwo sábẹ́ gíláàsì mọ́tò láìro ibi tí mọ́tò náà máa gbó sí ni mo ń bá wíjọ́. Ìlànà tuntun, Qi2, tó jáde ní 2023, fi òòfà so fóònù mọ́ àyè rẹ̀, ìyẹn á ràn wá lọ́wọ́ nínú kòtò. Yóò pẹ́ kó tó di tókúnbọ̀.

Fóònù jí. Ìpè méje ló ti kọjá. Ọsibítù kan ní Lúsadà ni wọ́n gbé Màmá lọ, ojú ọ̀nà gan-an, níbi tí mo ti jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí mo ń fi ọwọ́ ti fóònù padà sórí àwo. Mo padà síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ru. Omi ń kán sí wọn lára, ojú wọn sì ti wálẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló pẹ́ mi, mo ròyìn. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé fóònù náà máa ń ní ibà ni?"

Mo ti kọ nọ́ńbà aládùúgbò náà sínú ìwé kékeré kan, ó wà lápò mi. Mo ra wáyà lọ́wọ́ rẹ́wáyà yẹn, mo kì í bọ ihò sìgá. Àwo dúdú náà ṣì wà láyè rẹ̀. Ẹ̀pà àti náírà wẹ́wẹ́ ni mo ń kó lé e.