Ìdẹ rọ́bà rírọ̀

Ìdẹ rọ́bà rírọ̀ jẹ́ ìdẹ àtọwọ́dá tí a fi ike rírọ̀ ṣe ní àwòrán ekòló, edé tàbí ẹja wẹ́wẹ́, tí apẹja ń fi sí ẹnu ìwọ̀ dípò ìdẹ abẹ̀mí. A ń lò ó nínú ọ̀sà àti etí òkun, àmọ́ ìlànà kan náà ni a ń lò nínú omi aláìníyọ̀, títí kan àwọn adágún ìsédò àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí kò sí òkun rárá.

Ìtàn

Nick Creme àti ìyàwó rẹ̀, Cosma, tí wọ́n ń gbé ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe ekòló oníke rírọ̀ tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ lọ́jà, ní ọdún 1949. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò yí padà púpọ̀: a ó po ìyẹ̀fun ike PVC mọ́ òróró tí ń mú un rọ̀, a ó gbé e kaná títí ooru rẹ̀ yóò fi súnmọ́ 177°C, a ó sì dà á sínú ohun tó ní àwòrán tí a fẹ́ kí ó gbà. Rọ́bà ni a ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí oje igi rọ́bà nínú rẹ̀. Òróró yìí kan náà ló ń mú kí ó yọ́ àpótí ike líle tí a bá kó o sí. Inú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á ló yẹ kí ó wà.

Yíyàn

Ohun tí ẹja ń jẹ níbẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Fún ọ̀sà àti etí òkun, ìdẹ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 ló wọ́pọ̀. Èyí tí ìrù rẹ̀ pẹrẹsẹ máa ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí a ti ń fa okùn, ẹja sì ń mọ ìgbì rẹ̀ lára bí kò tilẹ̀ rí i, nítorí náà ó dára fún omi rírú. Onírù ṣóńṣó kì í mì fúnra rẹ̀. Omi mímọ́ gaara ló bá mu, ọwọ́ apẹja ni yóò sì máa mú un fò. Ní ti àwọ̀, àwọ̀ ẹja gidi bá omi mímọ́ mu, dúdú tàbí àwọ̀ títàn yòò sì bá omi rírú mu. Àwọ̀ tí wọ́n ń tà kò lóǹkà, apẹja ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fà mọ́ra ju ẹja lọ.

Fífi sí ìwọ̀

Ọ̀nà kan ni ìwọ̀ olórí òjé. A ó gbé ìwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdẹ láti mọ ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ yóò ti yọ, a ó gún un wọ àárín gbùngbùn imú ìdẹ, a ó tì í lọ tààrà, a ó sì yọ ṣóńṣó ní ẹ̀yìn níbi tí a ṣàmì sí. Bí ìdẹ bá wọ́, yóò máa yí bírí, okùn yóò sì lọ́. Òjé gíráàmù 3.5 sí 7 tó fún omi tí kò jìn. Níbi tí omi ti ń ṣàn gidi, 14 lè pọn dandan.

Ọ̀nà kejì ń jẹ́ orúkọ Texas. A ó gún imú ìdẹ díẹ̀, a ó yọ ìwọ̀ sísàlẹ̀, a ó yí i padà, a ó sì fi ṣóńṣó rẹ̀ pamọ́ sínú ara ìdẹ. Koríko kò ní tètè há a. Ìgbà tí ẹja bá di ìdẹ mọ́ ẹnu tí a sì fa okùn gírí ni ṣóńṣó yóò tó yọ. Èyí wúlò ní ọ̀sà Èkó, níbi tí koríko líléfòó olódòdó elésè àlùkò, tí a kọ́kọ́ kéde ní agbègbè Àgbádárìgì ní 1984, ti ń pọ̀ nígbà òjò, tí omi odò bá dín iyọ̀ ọ̀sà kù. Ní ti ẹja kútà, eyín rẹ̀ ń gé okùn àti ìdẹ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń so ṣáájú ìwọ̀.

Ní àríwá Èkìtì

Ìsédò Ìtàpájì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Òmíràn wà ní Ìkún-Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, tí kò jìnnà sí Ìdó àti Ọ̀yẹ́. Ẹni tó bá gbé ìdẹ rọ́bà lọ sí irú adágún bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ẹja tí ó ń wá. Ewé omi àti ohun wẹ́wẹ́ ni ẹpìyà ń jẹ jù, kò sì ka ẹja rọ́bà sí. Òórùn àti irùngbọ̀n rẹ̀ ni àrọ̀ fi ń wá oúnjẹ, pàápàá lóru. Ekòló abẹ̀mí ṣì borí rọ́bà lọ́dọ̀ rẹ̀, àfi bí rọ́bà náà bá ní òórùn. Ẹja tó yẹ fún un ni Parachanna obscura, olórí bí ejò, tí ń lúgọ sínú koríko etí omi de ẹja kéékèèké. Ọ̀nà Texas ló yẹ níbẹ̀, nítorí kùkùté igi tí omi bò mọ́lẹ̀ máa ń há ìwọ̀.

Omi mímu ni a fi sé àwọn odò wọ̀nyí, èyí ló sì mú ọ̀rọ̀ náà le. Ìdẹ tó já kì í jẹrà. Ẹja lè gbé e mì, kí ó sì wà nínú ikùn rẹ̀. Òjé jẹ́ májèlé: láti 1987 ni òfin ti ka títà ọ̀pọ̀ òjé kékeré fún ìwọ̀ léèwọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹyẹ omi tó ń gbé e mì. Irin tàbí tungsten ṣeé lò dípò rẹ̀. Síbẹ̀, ewu ìwọ̀ kò tó ti Gammalin 20, òògùn kòkòrò orí kòkó tí àwọn kan ti ń dà sínú odò ní Nàìjíríà láti fi pa ẹja. Lindane tó wà nínú rẹ̀ ń pa ẹja ńlá àti ọmọ rẹ̀ pọ̀, ó sì léwu fún ẹni tó jẹ ẹja náà. Ọdún 2009 ni àdéhùn Stockholm fi í sínú àwọn kẹ́míkà tí ayé ní láti fi òpin sí. Ìwọ̀, ní tirẹ̀, ẹja kan ṣoṣo ni ó ń mú lẹ́ẹ̀kan, a sì lè dá èyí tó kéré padà sínú omi, pàápàá bí a bá ti fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí a tó jù ú.