Jíjá Ṣéènì Ẹ̀rọ Ìgégi ní Gúúsù Èkìtì

Jíjá ṣéènì ẹ̀rọ ìgégi ni kí ṣéènì eléyín tí ó ń sáré yí báà ká, ìyẹn irin pẹlẹbẹ gígùn tí ó yọ níwájú ẹ́ńjìnnì, já lẹ́nu iṣẹ́. Ó jẹ́ ìṣòro níbikíbi tí a bá ti ń fi ẹ̀rọ yìí gé igi tàbí la pákó. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí ó ṣe rí ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Nàìjíríà, ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, níbi tí irú igi àti irú ilẹ̀ tí ó wà ti ń fi kún un. Lójú ẹni tí ó ń wòran, òjijì ni ṣéènì ń já. Ní òtítọ́, ojú kan lára irin rẹ̀ a ti máa sán díẹ̀díẹ̀ kí ó tó já, ohun tí agégi ṣe tàbí tí kò ṣe ṣáájú ọjọ́ náà ni ó sì sábà máa ń fà á.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ṣéènì tí ẹ́ńjìnnì ń wà dáadáa lè sáré tó mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá já, ó lè nà bíi pàṣán sẹ́yìn sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí ó mú ẹ̀rọ, ègé irin kékeré sì lè ta kúrò lára rẹ̀ lọ bá ojú tàbí ọrùn ẹni tí ó dúró nítòsí.

Bí a ṣe ṣe ṣéènì

Jámánì ni ẹ̀rọ ìgégi òde òní ti kọ́kọ́ gbilẹ̀: Andreas Stihl ṣe èyí tí ó ń lo iná mànàmáná ní ọdún 1926, Emil Lerp sì gbé èyí tí ó ń lo epo bẹntiróòlù jáde ní ọdún 1927. Ṣùgbọ́n ṣéènì tí a mọ̀ lónìí ti Amẹ́ríkà wá. Ní ọdún 1946, Joseph Cox, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, ṣàkíyèsí bí ìdin kòkòrò kan ṣe ń jẹ igi lọ sí òsì àti sí ọ̀tún, ó sì ṣe ṣéènì tí eyín rẹ̀ tẹ̀ sí òsì àti sí ọ̀tún bí ẹnu ìdin náà.

Eyín ni ó ń gé igi. Irin ìsopọ̀ ni ó so eyín kan mọ́ èkejì. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ń wọ inú yàrà báà, òun náà sì ni kẹ̀kẹ́ eléyín ara ẹ́ńjìnnì ń fà. Rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó kúkúrú tí a lù ní orí méjèèjì, ni ó de gbogbo wọn pọ̀. Níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, gegele kékeré kan wà tí ó ń pinnu bí eyín yóò ṣe wọ igi jìn tó. Òdíwọ̀n ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ibi tí ihò rífẹ́ẹ̀tì wà ni irin ti tín-ín-rín jù, ibẹ̀ náà sì ni ó ti sábà máa ń sán.

Àwọn agégi a máa sọ pé ṣéènì ti fà. Irin gan-an kọ́ ni ó fà ní pàtàkì. Ara rífẹ́ẹ̀tì àti ihò tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó jẹ, àlàfo kékeré ojú ìdè kọ̀ọ̀kan sì para pọ̀ di gígùn. Nítorí náà, ṣéènì tí a ń fún lójoojúmọ́ tí kò yé dẹ̀ ti ń sọ fún ẹni tí ó ni ín pé ìdè rẹ̀ ti ń tán.

Igi àti ilẹ̀ agbègbè náà

Igbó ìjọba tí ó wà ní Ìsẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 142 níbùú lóòró, ìnàkí sì wà lára ẹranko tí a mọ̀ ọ́n mọ́. A kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí igbó náà, ọ̀pọ̀ igi ńlá agbègbè yìí ni ó dúró sínú oko kòkó àti ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Ìrókò, àyàn, arère àti afàrà wà lára wọn, tíìkì àti mèláínà tí a gbìn sì wà pẹ̀lú.

Arère rọ̀, kò sì ń da ṣéènì láàmú. Ìrókò ni kí a ṣọ́ra fún. Níbi tí ìrókò bá ti fara gbọgbẹ́ nígbà kan rí, òkúta funfun, irú èyí tí a fi ń ṣe ẹfun ilé, lè dì sínú ihò rẹ̀ kí igi sì bò ó mọ́lẹ̀. A kì í rí i láti òde. Nígbà mìíràn igi tí ó yí i ká a máa dúdú ju ìyókù lọ, èyí nìkan sì ni àmì tí agégi lè rí kí eyín tó bá a. Eyín tí ó bá lu òkúta yìí a fọ́ tàbí kí ó tẹ̀, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì a sì já lé ojú ìdè kan ṣoṣo. Ti àyàn àti tíìkì yàtọ̀: ohun tí ó dà bí iyanrìn wúruwùru wà nínú ara wọn, ó ń jẹ eyín láìfọ́ ọ. Agégi tí ó bá ń la àyàn gbọ́dọ̀ lo fáìlì lemọ́lemọ́ ju ẹni tí ó ń la arère lọ.

Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ ìlú àpáta, Olóṣùnta sì ni ó lókìkí jù nínú òkè rẹ̀. Níbi tí àpáta bá ti yọ sórí ilẹ̀ báyìí, ẹnu báà lè kan òkúta nígbà tí igi bá tán lábẹ́ rẹ̀ lójijì. Igi ààlà oko àti igi ìgboro náà léwu tiwọn, nítorí ìṣó àti wáyà tí àwọn ènìyàn ti kàn mọ́ wọn láti ọdún pípẹ́.

Pákó lílà nínú igbó

Igi ńlá tí ọkọ̀ kò lè dé ìdí rẹ̀ ni a sábà máa ń là sí pákó níbi tí ó wó sí, kí a tó rù ú jáde. Ẹ̀rọ ńlá bíi Stihl 070 gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gígé igi ní ìbú kì í pẹ́. Lílà á ní òòró lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀ láìdẹwọ́, ṣéènì a sì gbóná gidigidi. Eyín tí a pọ́n fún gígé ní ìbú, tí ó dagun ní díígírì 30 tàbí 35, kò yẹ fún òòró. Nǹkan bí díígírì 10 ni ó yẹ ẹ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a fi ṣéènì kan náà ṣe méjèèjì láìtún un pọ́n.

Àwọn ohun tí ń fà á

Eyín tí kò mú ni olórí wọn. Bí eyín bá mú, èérún igi tí ó nípọn ni ó ń dà sílẹ̀; bí ó bá di lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́, eyín ti kú. Lẹ́yìn èyí agégi a bẹ̀rẹ̀ sí fi ara ti ẹ̀rọ, ooru a pọ̀, irin a sì bẹ̀rẹ̀ sí sán lábẹ́ eyín. Àwọn kan a wá fi fáìlì rẹ́ òdíwọ̀n sílẹ̀ kí ṣéènì lè jẹ igi kíákíá. Ìwà yìí burú ju àìmú lọ. Eyín tí òdíwọ̀n rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù a máa gbá igi mú lójijì, ìgbámú kọ̀ọ̀kan sì dà bí ìgbà tí a fi òòlù lu rífẹ́ẹ̀tì. Fún ọ̀pọ̀ ṣéènì, mílímítà 0.65 sí 0.8 ni kí òdíwọ̀n fi lọ sílẹ̀ sí ẹnu eyín.

Àìsí ọ́ìlì ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́búlẹ́bú igi a máa dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ báà, agégi a sì rò pé ó ń dé ibẹ̀ nítorí pé táńkì kún. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n ni kí a na ẹnu báà sí ojú kùkùté tí ó mọ́ láìfi kàn án, kí a sì tẹ ẹ́ńjìnnì: ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ta ìlà sí i. Ọ́ìlì dúdú tí a fà jáde nínú ọkọ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rúnrún irin wà nínú rẹ̀, kì í sì í dúró lára ṣéènì.

Ṣéènì tí ó dẹ̀ jù a fò kúrò lórí báà, kẹ̀kẹ́ eléyín a sì gé irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ní àgékù. Èyí tí ó le jù a gbóná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ó yẹ kí ọwọ́ tí a fi ìbọ̀wọ́ bò lè fa ṣéènì yí geere, kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ má sì yọ kúrò nínú yàrà lábẹ́ báà. Ṣéènì tí a fún nígbà tí ó gbóná gbọ́dọ̀ di dídẹ̀ kí a tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún alẹ́, nítorí yóò sún kì bí ó bá tutù.

Ìwọ̀n tí kò bára mu náà wà níbẹ̀. A ń wọn ṣéènì láti rífẹ́ẹ̀tì kan dé ìkẹta rẹ̀, a sì pín in sí méjì. Ti ínǹṣì 0.375 àti ti 0.404 jọra lójú lórí àtẹ, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ eléyín ọ̀kan kò gba èkejì. Kẹ̀kẹ́ tí ó ti jẹ náà a máa ba ṣéènì tuntun jẹ́. A máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ṣéènì méjì.

Nígbà tí ó bá já

Kí a pa ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. Irin kékeré tí ó wà lábẹ́ báà láti gbá ṣéènì mú gbọ́dọ̀ wà ní pípé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àlòkù ni a ń tà láìsí i. Lẹ́yìn náà kí a wo gbogbo ìdè yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ ojú kan nìkan ni ó ti sán.

Bí a bá fẹ́ so ó, irin ìsopọ̀ àti rífẹ́ẹ̀tì ti irú ṣéènì náà gan-an ni kí a lò, ìdè tuntun sì gbọ́dọ̀ máa yí fàlàlà lẹ́yìn tí a bá lù ú tán. Ìṣó tí a gé kúrú kì í ṣe rífẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kí alágbẹ̀dẹ mọ̀ ọ́n lù tó. Ṣéènì tí eyín rẹ̀ ti kúrú ju mílímítà 4 lọ, tàbí tí ó ti já lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ ní sísopọ̀ mọ́. Owó ni ó ń mú kí a so ó. Ẹni tí a ń sanwó fún lórí iye pákó kì í fẹ́ kí iṣẹ́ dúró, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kì í sì í sábà sí nínú igbó nígbà tí ó bá já, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tí ó ń ti pákó wà níbẹ̀. Ipò rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ́: ẹ̀gbẹ́ ni kí ó dúró sí, kí ó má ṣe dúró ní ìlà tí báà kọ ojú sí, ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn rẹ̀.