Àpótí Ìbéèrè Ojú Kọ̀ǹpútà

Ìgbà kan wà tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju gbígba àṣẹ lọ: ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni yóò há gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ sórí, bí ó bá sì ṣi ọ̀kan tẹ̀, tí ó ní kí ó pa ìwé tí òun ti fi ọjọ́ gbọọrọ kọ rẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ náà, a-jẹ́ṣẹ́-má-bèèrè-ìdí, á pa á rẹ́ láìbojúwẹ̀yìn. Àwọn baba wa ní abéèrè kì í ṣìnà. Ó pẹ́ kí ẹ̀rọ yìí tó kọ́ bí a ti ń bèèrè.

Ní ibùdó ìwádìí Xerox, ní Palo Alto ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, ni wọ́n ti ṣe Alto ní 1973, ẹ̀rọ tí ń fi fèrèsé àti àwòrán bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Larry Tesler, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wà kí ó tó kọjá sí Apple ní 1980, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà Lisa tí ó dé ọjà ní 1983. Ọ̀nà tí Tesler ń gbà ṣiṣẹ́ wù mí púpọ̀: a máa pe ẹni tí iṣẹ́ náà ṣàjèjì sí, a jókòó tì í, a sì máa ṣọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú u lójú. Nígbà náà, “Do It” ni wọ́n kọ sára bọ́tìnnì tí ènìyàn yóò tẹ̀ láti fọwọ́ sí ohun tí àpótí ìbéèrè bi í. Inú bí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pè; àlàfo àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kà á sí “dolt”, èyí tí í ṣe òpònú, ó sì bèèrè ohun tí òun ṣe tí ẹ̀rọ fi ń bú òun. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Wọ́n yọ “Do It” kúrò, wọ́n fi “OK” dípò, ọ̀rọ̀ ìgboro tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń sá fún. Òun náà ni Macintosh lò ní 1984, tí Windows sì tẹ̀ lé e ní 1985.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ètò fún Windows láyé ìgbà náà ní láti gbọ́ èdè C dáadáa, iṣẹ́ tí ń mú òógùn jáde lára ọ̀gá, áḿbọ̀sì ọmọ iṣẹ́. Ní 1991 ni Microsoft gbé Visual Basic jáde, èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ Alan Cooper wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ sì tẹ́jú fún akẹ́kọ̀ọ́: kí ó ṣáà ti kọ MsgBox "E kaabo" sórí ìlà kan ṣoṣo, àpótí yóò yọ láàárín ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, ètò yóò sì dúró gbagidi títí a ó fi tẹ OK. Bí ó bá fi 4 kún un, bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò jáde. 6 ni èsì bí a bá gbà, 7 sì ni bí a bá kọ̀, ètò á sì gba ọ̀nà tí èsì bá tọ́ka sí. Ìdúró gbagidi yìí gan-an ni Tesler kò fẹ́ràn. Ó lòdì sí ohunkóhun tí ń há ènìyàn mọ́ ipò kan débi pé “NOMODES”, èyí tí í ṣe ‘kò sí ipò’, ni ó kọ sí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí àpótí bá ti pọ̀ jù, nítorí ẹni tí a ń bi ní gbogbo ìgbà kì í ka ìbéèrè mọ́ kí ó tó tẹ OK.

Àwọn tí ń fi Python kọ́ṣẹ́ lónìí ń pe askyesno láti inú tkinter, True tàbí False sì ni èsì tí ó ń fún wọn. Mo rò pé ó sàn fún wọn ju 6 àti 7 tí àwọn tó ṣáájú wọn ní láti há sórí.