Àwo tí Ó Rì: Ọ̀rọ̀ Ìrìn àti Ojú tí Ń Wò Ó

Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977, àwọn òṣèré àti oníjó láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ dé sí àwọn ilé tuntun tí Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ sí ìhà ọ̀nà Badagry, níbi tí à ń pè ní Festac Town lónìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè dùndún a máa rí nínú ijó ohun tí àlejò kì í rí. Bí ìyáàlù bá ní kí oníjó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti wà lára eékún oníjó náà kí eékún tó kan ilẹ̀. Ojú àlejò kò fọ́. Etí rẹ̀ ni kò tí ì sọ ibi tí yóò wò fún un.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé kan lélẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn Àwórì ti wà ní Àmúwò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ni pé Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé àwo kan lé ojú omi, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e bí ó ti ń léfòó lọ sí ìhà gúúsù. Ó dúró ní Olókemèjì, ó tún ṣí, títí ó fi dé Ìṣẹrí tí ó sì wọ inú omi. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè rẹ̀, èsì wọn ni pé àwo ti rì. Ẹ wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé: àwo yìí léfòó, ó ṣàn, ó dúró, ó tún ṣí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, rì, ni ó wọ inú orúkọ ẹ̀yà náà. Èmi kò lè búra pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rò ó.

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà ròyìn ìrìn yàtọ̀. A ní, “Ọmọ náà sáré jáde lọ”: ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tò léra, kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹrú èkejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ̀wé lórí irú ìtòléra bẹ́ẹ̀ ní 1974. Leonard Talmy ti pín àwọn èdè ayé sí ọ̀nà méjì nípa ibi tí wọ́n ń fi ipa ọ̀nà ìrìn sí nínú gbólóhùn. Ní 2004, Dan Slobin fi ẹ̀kẹta kún un fún irú èdè tiwa.

Ǹjẹ́ èyí kan ojú bí? Ní 2007, Lotte Meteyard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ bí wọ́n ti ń wo àmì wínníwínní tí ń rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá tako ìrìn àwọn àmì náà, ojú wọn kì í tètè dá ìrìn náà mọ̀ dáadáa. Anna Papafragou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìdánwò fún àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì àti Gẹ̀ẹ́sì ní 2008. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé wọn yóò ròyìn, àwọn elédè Gíríìkì tètè ń wo ibi tí a ń lọ, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń wo bí a ṣe ń lọ. Nígbà tí wọ́n ń wò lásán, ojú gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Lójú tèmi, ẹ̀rí kejì yìí ni ó lágbára jù, nítorí àwọn tí ó tẹ̀ lé àwo Ọlọ́fin kò wò ó lásán. Ìròyìn ń dúró dè wọ́n.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń tọ́ ní Festac lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ròyìn. Ìdánwò kan wà tí kò ju agbára olùkọ́ lọ. Kí a kó wọn lọ sí etí omi ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, kí wọ́n wo ọkọ̀ kan tí ń kọjá, kí ìdajì wọn rò ó ní Yorùbá, kí ìdajì rò ó ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí sílẹ̀.