Ìtàn Wharram Percy, Páríṣì kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ìlú Rẹ̀ Di Ahoro



Nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú ńláńlá àti ọ̀pọ̀ èrò ni ó máa ń wá sí ọkàn wa. Ṣùgbọ́n páríṣì tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí ìlú rẹ̀ tú pátápátá, tí ilé ìjọsìn nìkan sì dúró láàárín pápá. Wharram Percy ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: kí ni ó sọ ìlú náà di ahoro? Ṣé ikú ni, tàbí ọwọ́ ènìyàn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Ó wà ní Yorkshire, ní ìhà àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí àwọn òkè tí a ń pè ní Wolds, kò sì jìnnà sí ìlú Malton. Òkúta ẹfun ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹfun a fà á mu. Nítorí náà odò ṣọ̀wọ́n lórí òkè, púpọ̀ nínú àwọn àfonífojì ibẹ̀ sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ àfonífojì Wharram Percy, omi ń sun jáde láti inú ẹfun, ìdí omi yìí ni àwọn ènìyàn sì tẹ̀dó sí. Wọ́n kọ́ ilé wọn ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ sí orí òkè. Wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn Martin Mímọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá omi. Wọ́n sì sé omi náà, kí ó lè máa yí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà.

A kọ orúkọ Wharram sínú ìwé ńlá tí Ọba William Aṣẹ́gun fi ka ilẹ̀ rẹ̀ ní 1086. Percy ni orúkọ ìdílé àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ni ilẹ̀ náà lẹ́yìn náà. Páríṣì náà gbòòrò ju ìlú kan lọ. Thixendale, Raisthorpe, Burdale àti Towthorpe wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbé òkú wọn wá sí ọgbà Martin Mímọ́. Àwọn ará Thixendale a rìn tó máìlì mẹ́ta kí wọ́n tó dé ìsìn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó wo ògiri ilé ìjọsìn náà. Igi ni a fi kọ́ ti àkọ́kọ́, ó sì kéré. Lẹ́yìn èyí ni a fi òkúta kọ́ ọ. Láàárín ọdún 1100 sí 1300, nígbà tí àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i, a lu ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì fi àyè kún un. Nígbà tí wọ́n dínkù, a wó àyè wọ̀nyí, a sì fi òkúta dí ojú wọn. Àmì rẹ̀ ṣì hàn lára ògiri títí di òní.

Ní 1349 ni àjàkálẹ̀ àrùn ńlá nì dé Yorkshire. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbà pé àrùn yìí ni ó pa irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ run. Ó pa ènìyàn púpọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 1368, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, nǹkan bí 30 ilé ni ènìyàn ṣì ń gbé ní Wharram Percy. Ìlú náà ṣàìsàn, kò kú.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Àrùn ti sọ àwọn alágbàṣe di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ sì ga. Irun àgùntàn sì ń mú owó wọlé. Onílẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀: oko àlìkámà ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ àti màlúù tí ń túlẹ̀, ṣùgbọ́n olùṣọ́ kan àti ajá rẹ̀ tó fún agbo àgùntàn ńlá. Ní nǹkan bí ọdún 1500, ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ìdílé Hilton. Nígbà tí Kádínà Wolsey mú kí a ṣe ìwádìí ní 1517 nípa àwọn ìlú tí a tú ká, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé Hilton jẹ́ kí ilé mẹ́rin wó, ó sì mú ìtúlẹ̀ mẹ́rin kúrò. Àwọn baba wa a máa wí pé ènìyàn ni aṣọ. Ọkùnrin yìí lé ènìyàn lọ, kí ó lè rí irun fún aṣọ.

Páríṣì kò parí lọ́jọ́ náà. Àlùfáà ṣì wà, àwọn ará Thixendale sì ń rìn wá títí di 1870, nígbà tí Sir Tatton Sykes kọ́ ilé ìjọsìn fún wọn nítòsí. Láti ìgbà náà ni Martin Mímọ́ ti dá wà. Ìsìn parí níbẹ̀ ní 1949; ní 1959, apá kan ilé ìṣọ́ rẹ̀ wó lulẹ̀.

Maurice Beresford, olùkọ́ ìtàn ní Leeds, dé ibẹ̀ ní 1948. Òun àti John Hurst, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́, wá ń wa ilẹ̀ náà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún títí di 1990. Egungun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 ènìyàn ni a rí. Ara egungun àwọn ọmọdé ni a ti mọ̀ pé àwọn ìyá ibẹ̀ ń fún ọmọ lọ́mú fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá tiwa ti ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn ìyá wọ̀nyí nígbà ayé wọn.

Ẹ̀yin ará, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí nìyí. Bí a bá di ikú ru àrùn nìkan, onílẹ̀ a lọ láìjẹ̀bi. Ìwé 1368 àti ti 1517 ni ó fi òtítọ́ hàn, nítorí akọ̀wé kan jókòó, ó sì kọ iye ilé sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ìjọ wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ má ṣe kà á sí iṣẹ́ kékeré. Ẹ kọ orúkọ tálákà bí ẹ ti ń kọ ti ọlọ́rọ̀, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀, ẹ sì pa ìwé náà mọ́ kúrò lọ́wọ́ ikán àti òjò.